Fọ́tò Ìrì Dídì Tí Màmá Ò Rí

Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù pé, "Ìyá Tóbi, báwo ni Dubai?" Ẹni tí mo ń dirun fún lọ́wọ́ á yí ọrùn padà, irun á bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, á ní kí n sọ ti ilé gogoro àti ti góòlù. Ó ti sú mi. N ò lè máa tún un sọ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kí n sì máa rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín. Mo wá jókòó, mo kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ẹni tó bá jẹ́ góòlù ló ń wá, kó yáa lọ bá ẹlòmíì.

Ohun tó gbé mi lọ nìyí. Màmá wa kú nígbà òjò. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ máa ń se mọ́ínmọ́ín eléwé mọ̀ wọ́n dáadáa, Ìyá Eléwé, tí wọ́n máa ń fi àpò tútù bo ewé eéran kí oòrùn má baà pa á. A sin wọ́n sí àgbàlá, gbogbo ìlú gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọ́: àbúrò mi Kúnlé, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Màmá bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Dubai.

Bàbá Ìbàdàn ló ní ká má sọ. Àbúrò bàbá wa ni wọ́n, àwọn náà sì ni olórí ẹbí báyìí. Wọ́n ní, "A kì í túfọ̀ fún ọmọ tó wà lẹ́yìn odi lórí fóònù. Tó bá ṣubú síbẹ̀, ta ni yóò gbé e dìde? Ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ìwé iṣẹ́ ṣe. Tó bá gbọ́, á sáré wálé, iṣẹ́ á bọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ìyá rẹ̀ lọ bá a, kó sọ fún un lójúkojú." Gbogbo ẹbí ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá kọjú sí mi.

Kúnlé ò mọ nǹkan kan, ó ṣáà ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Màmá ni. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní yàrá òtútù ńlá kan tí wọ́n ń kó igi àti òdòdó sí kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, àwọn igi òkè òkun tí ewé wọn kì í wọ́ láti ọdún dé ọdún. Ìrì máa ń dì sára àwọn ewé náà, funfun báláú, Kúnlé á sì yà á. Màmá ò mọ̀wé kọ, ohùn ni wọ́n fi ń dá a lóhùn: "Kúnlé, ewé wo rèé? Ṣé iyọ̀ ni wọ́n bù sí i lára ni? Ewé tèmi tí òtútù bá mú báyìí, ó ti dúdú nìyẹn o!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé fóònù kiri ọjà, wọ́n á fi han gbogbo ẹni tó bá wá ra ewé.

Nígbà tí wọ́n kú, fóònù wọn wá sọ́wọ́ mi. Kúnlé á fi fọ́tò ránṣẹ́, èmi á fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pa pọ̀ dá a lóhùn. Ó wá ń béèrè pé kí ló dé tí òun ò gbóhùn Màmá mọ́. Bàbá Ìbàdàn ní kí n sọ pé ọ̀fun ló ń dùn wọ́n, dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, tí àwọn tó ń lọ ra irun ní Deira, ọjà kan ní Dubai, ń palẹ̀ mọ́, mo bá wọn lọ.

Mo gúnlẹ̀

Mo ti rò ó nínú ọkọ̀ òfurufú pé bí mo bá ti rí i báyìí, màá mú un jókòó síbì kan, màá sọ ọ́. Mo jáde, mo rí Kúnlé tó na ọrùn láàárín èrò. Ó ti gbẹ. Ó dì mọ́ mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ láàárín àwọn Lárúbáwá àtàwọn òyìnbó, wọ́n ń yà fún un bí wọ́n ṣe ń ti ẹrù kọjá. Kó tó dìde nílẹ̀ ló ti ń béèrè.

"Àǹtí mi, ọ̀fun Màmá ńkọ́?"

Mo lanu, ohun tó jáde ni, "Ó ti ń sàn díẹ̀díẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun. Nígbà tá a jẹun tán, mo ní kó jẹ́ ká sùn. Ilẹ̀ mọ́, ó lọ síbi iṣẹ́.

Kúnlé ń gbé Sharjah, ìlú tó fẹ̀gbẹ́ kan Dubai, bedspace kan nínú yàrá tí ọkùnrin mẹ́fà jọ ń sùn, aṣọ ni wọ́n fi gé bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Obìnrin ò lè dé ibẹ̀. Ó bá mi wá ibùsùn sọ́dọ̀ Rónkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń tajà ní ilé ìtajà kan ní Mirdif, tóun àtàwọn obìnrin mẹ́ta jọ háyà yàrá ní Al Qusais. Rónkẹ́ dáa. Ó fún mi ní bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, ó ro ẹ̀bà fún mi, ó sì fi ilá gbígbẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé se ọbẹ̀. Mo ní, "Rónkẹ́, ilá rèé?" Ó ní, "Àǹtí, ẹ rọra fojú inú wò ó, ó máa jọ ọ́." Ẹ̀rín pa mí.

Ìlú náà mọ́, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kí ẹnikẹ́ni. Mo wọ lífìtì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o," gbogbo wọn wojú ara wọn bí ẹni pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Nínú metro, ọkọ̀ ojú irin wọn, iwájú ni ti àwa obìnrin. Ọmọge Filipino kan dìde fún mi kí n jókòó, mo súre fún un títí tó fi bọ́ọ́lẹ̀, kò gbọ́ kankan níbẹ̀, ó ṣáà ń rẹ́rìn-ín. Ní Deira, ará Íńdíà tó ń ta irun ń pè mí ní "Mama, Mama, best price." Gbogbo ìgbà tó bá ti pe Mama, àyà mi á já. Mo ra irun tí mo bá wá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ àwọ̀ tí mo ń rà.

Kúnlé dé lálẹ́ pẹ̀lú ọ̀rá kan lọ́wọ́. Oyin ló wà níbẹ̀, ìgò ńlá kan, ó ní ọwọ́ ará Yemen kan lòun ti rà á, wọ́n ní kò sóyin tó dà bíi rẹ̀ fún ọ̀fun. Ṣálù onírun-àgùntàn kan tún wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé. "Ẹ bá mi fi wé Màmá lọ́rùn o. Kí wọ́n máa lá oyin náà láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun." Mo gbà á. Mo ní wọ́n á dúpẹ́. Mo lọ sí balùwẹ̀, mo tú omi kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Yàrá òtútù

Kúnlé gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kí n wá wo ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìta ń móoru, oòrùn ń ta. Wọ́n fún mi ní kóòtù kan tó wúwo, tó ń rùn mọ́ mi, wọ́n ṣílẹ̀kùn irin, òtútù nini gbá mi lójú. Igi kún ibẹ̀ bámúbámú, igi Kérésì tí wọ́n gé láti òkè òkun, tí wọ́n fi àwọ̀n wé bí ẹni wé òkú. Mo fojú kúrò lára wọn.

"Kì í ṣe gbogbo wọn ni ìrì ń dì sí lára," Kúnlé ní. "Àwọn tó wà lábẹ́ fáànù yẹn ni. Ẹ wá wò ó."

Ewé wọn tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, mímú bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi. Ara abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ìrì ti hu jáde, tó dì, tó ń dán. Kí n sòótọ́, ó lẹ́wà. N ò tíì rí irú rẹ̀ rí, mo sì rí ìdí tí Màmá fi ń gbé e kiri ọjà.

Gúl wà níbẹ̀, awakọ̀ wọn, ọmọ Pakistan, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa nítorí làálì. Òun ló máa ń bá Kúnlé di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó fọwọ́ lé àyà kí mi, kò bọ̀ mí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mama? Mama good? Throat?" Àní, gbogbo Dubai ló mọ ọ̀fun Màmá.

Ẹ wo iṣẹ́ lọ́wọ́ Kúnlé. Ó ta ọ̀rá dúdú kan sẹ́yìn ẹ̀ka náà kí funfun lè yọ. Gúl kì í tan iná sí i láti iwájú o. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń tàn án, ó sì ń sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, Kúnlé ń sọ pé "shway, shway," pé kó rọra, títí ìrì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mànà. Abẹ́ apá ni fóònù rẹ̀ wà ní gbogbo ìgbà yẹn, nítorí òtútù á pa bátìrì. Kó tó yọ ọ́, ó yíjú sí mi.

"Àǹtí mi, ẹ má mí sí i. Èémí yín á yọ́ ọ."

Mo pa ẹnu dé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, kò sẹ́ni tó mí, ó yà á. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi níbẹ̀ yẹn, mo gbé e mì pẹ̀lú èémí mi.

Nígbà tá a jáde, tá a ń mu tíì onímílíìkì nínú ife pébà, ó tan ohùn kan nínú fóònù rẹ̀ kí n gbọ́. Ohùn Màmá ni, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kẹ́yìn. "Kúnlé, ó dára, ó dára. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀rọ ṣe nìyẹn. Ti Ọlọ́run ńkọ́? Ṣé ti Ọlọ́run ò sí níbẹ̀ ni? Yà á kí n rí i." Mo di ife mú títí tíì fi dà sí mi lọ́wọ́.

"Ti Ọlọ́run tí mò ń wá nìyẹn," ó ní. "Gúl ní àbúrò kan tó ń ṣiṣẹ́ oko, nínú Sharjah lọ́hùn-ún, níbi aṣálẹ̀. Ó ní bí òtútù bá mú dáadáa, láfẹ̀mọ́júmọ́, ìrì máa ń dì sára igi. Àǹtí mi, tí mo bá fi èyí ránṣẹ́ sí Màmá, wọn ò ní lè dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà máa wí tiẹ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀!"

Ojú rẹ̀ ń dán bí ó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ sọ fún mi, ibo ni n bá ti bẹ̀rẹ̀?

Àdúrà

Oud Metha, ní Dubai náà, ni Kúnlé àti Rónkẹ́ ti ń ṣe ìsìn. Ọgbà kan náà ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wà. Bí ẹ bá dúró ní àárín, orin Íńdíà ń ti ọ̀tún bọ̀, ti Filipino ń ti òsì, ti àwa Nàìjíríà sì wà lókè pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Inú mi dùn díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ Yorùbá láti ẹnu èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn gátímáànù, àwọn tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì, àwọn tó ń tajà, gbogbo wọn wẹ̀, wọ́n fín lọ́fínńdà, wọ́n ń pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Pásítọ̀ ní ta ló ní ẹ̀bẹ̀. Kúnlé dìde.

"Ẹ ti ń bá mi bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìyá mi. Ọ̀fun wọn ò tíì là. Ẹ̀gbọ́n mi rèé tó ti ilé dé, wọ́n ní ó ti ń sàn. Ẹ bá mi dúpẹ́, kẹ́ ẹ sì bá mi bẹ Ọlọ́run kó dá ohùn wọn padà."

Gbogbo ìjọ dìde. Wọ́n pa igbe mọ́ Ọlọ́run lára nítorí ọ̀fun ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀. Màmá kan tí n ò mọ̀ rí di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún nítorí ìyá mi, ó ń ní, "Wọn ò ní kú! Wọ́n á jẹun ọmọ!" Mo sì ń ṣe àmín. Kí ni n bá tún ṣe? Ojú tì mí débi tí mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Rónkẹ́ ń wò mí láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tá a dé ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà ọmọdé, ó fà mí sẹ́yìn ògiri.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé Màmá ṣì wà?"

Mo gbọn orí.

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló sọ tiẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ṣe fún mi náà nìyẹn. Bàbá mi kú, wọ́n fi pa mọ́. Orí status ọ̀rẹ́ mi ni mo ti rí i, àwòrán bàbá mi pẹ̀lú 'sùn-un-re'. Ibi tí mo ti ń kó ọjà síta ni. Mo sì ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń ní bàbá ń kí mi. Àǹtí, títí dòní mi ò tíì dárí ji wọ́n. Mò ń fowó ránṣẹ́, mò ń kí wọn, ṣùgbọ́n mi ò gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ mọ́. Tí wọ́n bá ní òjò ń rọ̀, màá bi ẹlòmíì. Ẹ sọ fún un lónìí. Khalas, ó parí."

Mo ní màá sọ. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún un. A padà sọ́dọ̀ Kúnlé, mo ní, "Kúnlé, jẹ́ ká jókòó, mo ní ọ̀rọ̀ kan." Ó fò mọ́ mi. "Àǹtí mi, ẹ gbọ́! Gúl ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Òtútù ti dé sí oko. Àárọ̀ ọ̀la là ń lọ. Ọ̀rọ̀ yòówù tí ì báà jẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ti Màmá ná."

Ẹ̀rù bà mí, mo sì tún gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ti ara mi mọ́ balùwẹ̀ Rónkẹ́, mo yọ fóònù Màmá tí mo gbé dání wá, mo yí ohùn rẹ̀ sókè, mo gbọ́ gbogbo ohùn wọn tó kù níbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo dá a padà sínú báàgì mi.

Oko

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí ọkọ̀ Gúl gbé wa kúrò ní Al Qusais. A la Sharjah kọjá, ilé ń dín kù, iyanrìn ń pọ̀ sí i, títí ó fi ku iyanrìn nìkan. Èmi tí mo rò pé aṣálẹ̀ ò mọ ju ooru lọ, eyín mi ń lu ara wọn.

Àbúrò Gúl ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà oko. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò wojú mi, nítorí ọ̀wọ̀ ni. Ó bọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tó fi bora, ó gbé e lé apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè gbé e fún mi. Òun alára wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń gbọ̀n. Ó fún wa ní tíì àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ gbígbóná. Mi ò mọ irú èèyàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àlejò tí kò mọ̀ rí, mo kàn ń dúpẹ́ pé shukran, shukran.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi ti ń fọ́n sí oko, àwọn igi kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gáàfù. Wọ́n ní ewé rẹ̀ kì í wọ́, ẹ̀ẹ̀rùn àti òtútù. Omi tó fọ́n sí i lára àti ìrì òru ti dì sára àwọn ẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀, ewé tín-tìn-tín, funfun lórí, tútù lábẹ́. Kúnlé kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Kò ta ọ̀rá dúdú, kò sí tọ́ọ̀ṣì. Ó ní oòrùn tó ń bọ̀ ló máa tàn án, á sì yọ́ ọ lẹ́sẹ̀ kan náà, àyè díẹ̀ ló wà láàárín. Oòrùn yọ láti ẹ̀gbẹ́, ìrì gbiná lórí ewé, ó yà á, ó tún yà á, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀. Ó tán.

Ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, orúnkún rẹ̀ kún fún iyanrìn. Ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù: "Màmá! Ti Ọlọ́run rèé o! Ẹ dákun, ẹ bá mi sọ̀rọ̀, bó jẹ́ ẹyọ kan." Ó fi ránṣẹ́.

Àkùkọ kọ nínú báàgì mi.

Kúnlé fúnra rẹ̀ ló fi igbe àkùkọ sí fóònù Màmá nígbà tó wálé, kí wọ́n lè máa dá a mọ̀ nínú ariwo ọjà pé Kúnlé ló ń pè. Kò sẹ́lòmíì tí àkùkọ ń kọ fún. Èmi tí mo máa ń pa ohùn rẹ̀, mo yí i sókè lánàá, mo sì gbàgbé. Dátà fóònù tèmi ni mo so ó mọ́, kí n lè máa rí ohun tó bá fi ránṣẹ́.

Gúl wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá adìyẹ. Kúnlé ò wá nǹkan kan. Báàgì mi ló ń wò.

"Àǹtí mi, fóònù Màmá wà lọ́wọ́ yín."

"Kúnlé…"

"Kí ni fóònù Màmá ń wá níbí? Kí ni wọ́n ń lò nílé?"

Mo wólẹ̀ sórí eékún níwájú àbúrò mi. Mo ní, "Kúnlé, Màmá ti lọ. Nígbà òjò ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bàbá Ìbàdàn ní ká má sọ ọ́ lórí fóònù. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá."

Kò ké. Bó bá ké ni, à bá mọ ohun tá a máa ṣe. Ó jókòó sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí itan. Gúl ti mọ̀. Ẹ̀dá èèyàn ò nílò èdè fún irú ìyẹn. Ó jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ṣàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ lédè tiwọn.

"Ọwọ́ méjì yẹn ńkọ́?" Kúnlé béèrè. "Èyí tí wọ́n ń fi dá mi lóhùn."

"Èmi ni."

"Ṣé wọ́n béèrè mi kí wọ́n tó lọ?"

Mo lè purọ́. Ó wà lẹ́nu mi, ó rọrùn. "Wọ́n béèrè rẹ títí. A ní o ti wọ ọkọ̀ òfurufú, o ti ń bọ̀."

"Háà." Ohun tó sọ nìyẹn, "Háà," bí ẹni tí nǹkan gún. "Ẹ pa irọ́ fún wọn, ẹ tún pa á fún mi." Lẹ́yìn náà, ó béèrè èyí tí mi ò rò rárá. "Nígbà tí ẹ̀ ń bu yẹ̀pẹ̀ sí i, ta ló bu tèmi?"

Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ará ilé. Bí wọ́n bá gbé òkú sí kòtò, ọmọ kọ̀ọ̀kan á bu yẹ̀pẹ̀ sí i, láti orí àkọ́bí. Wọ́n pè mí, mo bù ú. Nígbà tó kan Kúnlé, Bàbá Ìbàdàn ní kí pásítọ̀ kọjá sórí àwọn ọmọ mi, nítorí bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ síta, ẹni tó ń ká fídíò á gbé e sórí ayélujára, á sì rí i.

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó bù ú."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Ó sun ún bí ọmọdé, imú, ojú, gbogbo ara. Mo fẹ́ dì í mú, ó fi ọwọ́ yà mí sẹ́yìn, kì í ṣe pẹ̀lú agbára, ó kàn yà mí. Gúl ló dì í mú. Mo dúró lọ́tọ̀ nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni, inú mi bà jẹ́ ju ọjọ́ tí Màmá kú lọ.

Nígbà tó dákẹ́, ó bu iyanrìn ẹ̀gbẹ́ igi náà, èyí tí omi ìrì kán sí, ẹ̀kún ọwọ́ kan. Ó tú ọ̀rá tá a fi di búrẹ́dì, ó dà á sí i, ó so ó. Ó nà án sí mi láìwo ojú mi.

"Ẹ bá mi bu tèmi."

Ilé

Kúnlé ò sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú. Rónkẹ́ ló sìn mí. Oyin àti ṣálù náà, ó ní kí Rónkẹ́ fi ta ìyá tó sunkún nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ. Gbogbo irun tí mo rà wà nínú ẹrù, ṣùgbọ́n iyanrìn yẹn, ọwọ́ ni mo fi mú un títí dé Èkó.

Mi ò kọ́kọ́ wọ yàrá mi nígbà tí mo délé. Mo gba ẹ̀yìn lọ sí àgbàlá tààrà, mo fẹ́ bù ú kí n tó fẹnu kan omi. Mo débẹ̀, mo dúró.

Bàbá Ìbàdàn ti kó àwọn òṣìṣẹ́ wá nígbà tí mi ò sí nílé. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú sàárè, wọ́n ti fi táìsì bò ó látòkè délẹ̀, funfun, tó ń dán, orúkọ Màmá wà lórí rẹ̀. Kò sí ojú ihò kankan. Gbogbo aládùúgbò ló ń yìn ín pé ó dára. Ó dára lóòótọ́.

Mo kúnlẹ̀, mo pe orúkọ Kúnlé, mo da iyanrìn rẹ̀ sí i. Ó tẹ́ sórí táìsì. Ọyẹ́ ń fẹ́, ó ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Mo fọwọ́ bò ó, mo ń wá ibi tí màá tì í wọ̀, mo ń fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ táìsì, kò sí.

Fóònù mi dún. Kúnlé ni. Kò tíì pè mí láti ọjọ́ oko.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ti bù ú?"

"Mo ti bù ú."

"Ṣé ó wọlé?"

Bàbá Ìbàdàn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n gbọ́ wa. Wọ́n ń mi orí sí mi pé kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ń fọwọ́ ṣe é: sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ọmọ ọlọ́mọ lè sùn.

Mo ní, "Kúnlé, kò wọlé. Wọ́n ti fi táìsì bo ibẹ̀. Orí rẹ̀ ló wà, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ."

Mò ń gbọ́ mímí rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Àǹtí mi," ó ní. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ fún mi."